Àṣìṣe Igba Ó Lé Méjìlá

Àwọn kan gbà pé lẹ́tà tó máa fa ojú ọkùnrin mọ́ra gbọ́dọ̀ dùn ju oyin lọ. Wọn ò tíì ka èyí tí Karna Mikkelsen kọ sí Lowell Prochaska lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1991. Ojú ìwé mẹ́sàn-án gbáko ni lẹ́tà náà, kò sì sí "olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n" kankan nínú rẹ̀. Àṣìṣe igba ó lé méjìlá ni Karna tò síbẹ̀, ó sọ ojú ìwé àti ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ó wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo kádìí rẹ̀ pé: "Ọ̀gbẹ́ni, eré yín dára ju ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí lọ, ó sì ń dùn mí."

Kì í ṣe pé Karna jẹ́ oníwàhálà o. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nílùú Racine nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn ló gbà á, òun ló máa ń ka ìwé ìpolówó wọn láti òkè délẹ̀ kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má baà ra irúgbìn kábéèjì kó wá hu kárọ́ọ̀tì. Ojú rẹ̀ ti mọ́ àṣìṣe débi pé bó bá wọ ilé oúnjẹ, á ti tún ìwé tí wọ́n to orúkọ oúnjẹ sí ṣe tán kí ẹja tó dé.

Lọ́jọ́bọ̀ọ̀jọ́bọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin máa ń jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n á máa ṣe eré. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn bó ṣe ń lọ, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni tiwọn fẹ́ ṣe, wọ́n á wá ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe fún un tàbí kò ṣeé ṣe. Inú ìwé ni gbogbo òfin irú eré bẹ́ẹ̀ wà. Bí ìwé bá dàrú, eré dàrú nìyẹn.

Ìwé tí Karna rà lóṣù Kẹjọ, níbi ìpàdé ńlá tí àwọn eléré yìí máa ń ṣe ní Milwaukee lọ́dọọdún, "Àwọn Ìlú Abẹ́ Adágún" lorúkọ rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kéèyàn sùn. Àmọ́ ìkánjú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kó lè bá ìpàdé náà. Nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kò tíì mọ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, ló bá ń kọ "wo ojú ìwé XX" síbẹ̀, pé òun á padà wá fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kò padà wá. Ibi mọ́kànlélógójì ni XX ṣì wà nígbà tí ìwé dọ́wọ́ àwọn tó rà á. Bí akọni rẹ bá ń rì lọ sísàlẹ̀ omi, tí o fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí èémí rẹ̀ tó tán, ìwé á ní kí o wo ojú ìwé XX. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ojú ìwé fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ni Karna fi di tiẹ̀.

Kò retí èsì lẹ́tà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó sì rí ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó di lẹ́tà náà mú.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin ni Karna Mikkelsen?"

"Èmi ni."

"Lowell Prochaska lorúkọ mi. Mo ti ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fo méjì."

Ọ̀rọ̀ náà ta Karna. "Mi ò fo nǹkan kan."

"Ẹ fo ọ̀kan lójú ìwé kejìléláàádọ́rin. Èkejì wà lẹ́yìn ìwé."

"Kí ló wà lẹ́yìn ìwé?"

"Orúkọ mi. Wọ́n ṣì í kọ."

Ẹ̀rín pa Karna, ó pa á débi tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ẹ wá jókòó," ó ní. "Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yín náà fo ihò kan. Ẹ jẹ́ ká kúkú kà á mọ́ ọn."

Lowell wo àyà ara rẹ̀, etí rẹ̀ sì pọ́n. Orí àtẹ̀gùn iwájú ilé ni wọ́n jókòó sí, pẹ̀lú ìwé onírọ́bà náà láàárín wọn. Wọ́n jà lórí bí ẹja ńlá ṣe yẹ kó máa jagun, wọ́n jà lórí àmì ìdánudúró, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Lowell tún pè é ní "ẹ̀yin", Karna ní, "Jọ̀ọ́, yé ẹ̀yin mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, mi ò tíì di ìyá àgbà." Kí oòrùn tó kàn tàrí, ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan mọ́.

Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́.

Viggo Mikkelsen ni olórí àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ní ilé ìtẹ̀wé kan létí odò. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tàdáwà kì í sì í tán léèékánná rẹ̀. Ó kí àlejò dáadáa, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó wá béèrè orúkọ rẹ̀.

"Prochaska?" Viggo fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Prochaska tó buwọ́ lùwé?"

"Èmi ni, sà."

Viggo wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì fi ariwo tì í. Ká ní ó là á mọ́ férémù ni, ì bá sàn.

"Ìwé wo lo buwọ́ lù?" Karna béèrè.

Lowell ò fi bò. Ó ní Gordon Haupt, ọ̀gá òun tó ni ilé iṣẹ́ eré náà, ti rán ọkọ̀ wá gbé ìwé lọ́jọ́rú ní ilé ìtẹ̀wé tí Viggo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Viggo ní tàdáwà ò tíì gbẹ lára bébà, àtè ò sì ní mú un, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì péré. Haupt kọ̀. Ilé ìtẹ̀wé wá ní kí ẹnì kan buwọ́ lùwé pé àwọn tó ni ìwé ló ní kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

"O sì buwọ́ lù ú."

"Mo buwọ́ lù ú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ eré yẹn, Karna. Mo fẹ́ rí i lórí tábìlì ní Milwaukee. Ojú ń kán mi, ọ̀gá mi sì ń pariwo, mo sì ní kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Karna bi bàbá rẹ̀ léèrè, ó sì gbọ́ ìyókù. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í já sọ́wọ́ àwọn tó rà á, Viggo ni àwọn èèyàn ń fi ojú burúkú wò. Ìwé kankan ò já lọ́wọ́ rẹ̀ rí, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ogún ọdún. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, orúkọ náà sì ni Viggo kó jọ láyé rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìyẹn dá wọn dúró. Ìgbà òtútù dé, adágún Michigan dì létí, Karna àti Lowell sì ń rìn lórí yìnyín létí omi, wọ́n kó ọwọ́ sínú àpò kan náà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń lọ jẹ ẹja díndín. Lowell bẹ Haupt títí ó fi gba Karna gẹ́gẹ́ bí olóòtú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúntẹ̀ ìwé náà, èyí tó máa jẹ́ odindi, tí kò ní sí XX kankan nínú rẹ̀. Bí Lowell bá rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta lọ polówó, Karna ò ní lè jẹun dáadáa. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun gan-an mọ̀ ọ́n, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun tó ń dà á láàmú ni ìyókù. Lowell ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Haupt á pè é lórí fóònù, á ní òun fẹ́ orí kan kó pé lọ́jọ́ Ẹtì, Lowell á sì ní ó dáa, nígbà tí orí náà ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"O tún ti gbà fún un," Karna á sọ.

"Ó bẹ̀ mí ni."

"Kò bẹ̀ ọ́. Ó pariwo lé ẹ lórí."

"Kí ló yàtọ̀?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí Karna bá padà délé, ọ̀rọ̀ náà á máa gún un láyà. Ẹni tí kò lè kọ̀ fún Haupt, tí ayé bá dé tó ń pariwo lé ìdílé wọn lórí, ṣé á lè kọ̀ fún un?

Lóṣù Kẹfà ọdún 1992, Lowell ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Karna sì ní bẹ́ẹ̀ ni. "Àmọ́ gbọ́ o," ó ní. "Màmá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá mi ló ń di irun mi, ọwọ́ tàdáwà ló fi ń dì í. Mi ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ ṣègbéyàwó láìsí òun lápá mi. Bí kò bá gbà, mi ò ní wọ̀ ọ́ rárá."

Lowell lọ bá Viggo lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú páálí kringle, búrẹ́dì dídùn tí àwọn ará Racine fẹ́ràn, lọ́wọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ni Viggo ti dá a lóhùn. Ilé ìdáná ni Karna wà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo wá béèrè ọmọ yín lọ́wọ́ yín, sà. Mo fẹ́ fi ṣaya."

"Mo ti rí ọwọ́ rẹ lórí ìwé," Viggo dáhùn. "Ṣé ọwọ́ kan náà lo fẹ́ fi buwọ́ lùwé ìgbéyàwó?"

"Mo ṣàṣìṣe, sà. Mo mọ̀."

"Gbogbo èèyàn ló ń ṣàṣìṣe. Tìrẹ kì í ṣe àṣìṣe. Mo sọ fún ẹ pé kò tíì gbẹ. O gbọ́. O wá buwọ́ lù ú." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Rárá."

Páálí kringle náà wà lórí àtẹ̀gùn títí èèrà fi bá a. Karna sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n lù. Ohun tó mú un sunkún jù ni pé kò rí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó lè fi pẹ́ńsùlù pupa fà sí.

Ẹni tó wá di alárenà wọn ni Àǹtí Dagny, ẹ̀gbọ́n Viggo, obìnrin sísanra kan tó ń ṣe búrẹ́dì láàárọ̀, tó sì ń fi ọ̀sán ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Kò sí ẹni tó rán an. Ó ní ọdún mẹ́fà lòun fi ju Viggo lọ, òun ló kọ́ ọ bó ṣe ń so okùn bàtà, kò sì sí ohun tí Viggo lè ṣe fún òun. Á jẹ ẹja lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, á gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an, á lọ mu kọfí lọ́dọ̀ Viggo, á sì fi ata àti iyọ̀ tirẹ̀ sí iṣẹ́ náà kó tó jẹ́ ẹ.

"Mo sọ fún un pé o ti rù," ó sọ fún Lowell.

"Àǹtí, mi ò rù."

"O máa rù. Máa jẹ díẹ̀díẹ̀."

Oṣù mẹ́wàá ló fi ṣe é báyìí kó tó mú nǹkan gidi bọ̀. Ó jókòó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì wo Karna lójú. "Ó ní ẹ̀rọ òun náà ló máa tẹ ìwé yín lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun á máa ṣọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn bá ṣe."

"Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó gbà," Karna sọ.

"Kò sì túmọ̀ sí pé ó kọ̀. Tèmi ti parí. Bí Lowell bá tún fi ọwọ́ yẹn buwọ́ lu ìranù, Karna, èmi gan-an á padà lẹ́yìn rẹ̀."

Oṣù Kẹjọ ọdún 1993 dé. Karna ti fi ohun tó lé lọ́dún kan ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà. Ibi ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún ni ìwé ti ní kí èèyàn wo ojú ìwé mìíràn, Karna sì fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ síbi tó ń júwe, ó rí i pé nǹkan náà wà níbẹ̀, kó tó fi nọ́ńbà sí i. Ó fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Haupt, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìpàdé Milwaukee máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òun àti Lowell lọ sí ilé ìtẹ̀wé láti wo bébà àkọ́kọ́ tó jáde kí Lowell tó buwọ́ lùwé.

Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo ibẹ̀. Viggo fi ìdì bébà ńlá, odindi ìwé náà, lé Karna lọ́wọ́. Tàdáwà rẹ̀ dúdú dáadáa, ìlà rẹ̀ gún. Karna ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó yẹ ibì kan wò lásán, torí pé ara rẹ̀ ò lè ṣe kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ní: tí èémí akọni bá fẹ́ tán, wo ojú ìwé 57. Ó wá 57 rí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ èémí wà lójú ìwé 61.

Ó yẹ ibòmíràn wò. Mẹ́rin ló fi yẹ̀. Ó yẹ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin wò. Mẹ́rin, mẹ́rin. Ó ṣí iwájú ìwé, ó sì rí ìdí rẹ̀: ìtàn kékeré kan wà níbẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin, Gordon Haupt ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ti tì í bọ iwájú lẹ́yìn tí Karna fi iṣẹ́ ránṣẹ́, gbogbo ìwé sì ti sún sẹ́yìn. Kò sí ibì kan ṣoṣo tó tọ́ mọ́ nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún.

"XX sàn ju èyí lọ," ó sọ fún Lowell. "Ó kéré tán, XX kì í parọ́."

Ọ́fíìsì Viggo ni Lowell ti pe Haupt. Karna dúró sí ẹnu ọ̀nà, Viggo náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fẹ́ kí Lowell buwọ́ lù. Ohùn Haupt jáde nínú fóònù bí ẹni pé ó wà nínú yàrá.

"Mẹ́rin péré! Kí wọ́n máa fi mẹ́rin kún un. Àwọn tó ń ṣe eré yìí mọ ìṣirò ju tíṣà lọ."

"Gordon, gbogbo rẹ̀ ni kò tọ̀nà."

"A máa tẹ bébà kékeré kan tá a fi ṣàlàyé, a máa fi sáàárín ìwé. Lowell, buwọ́ lùwé yẹn. Tí mi ò bá rí ìwé lórí tábìlì lọ́jọ́bọ̀, má wulẹ̀ wá sọ́fíìsì ní Mọ́ńdè."

Lowell dákẹ́. Karna mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó ti gbọ́ ọ nígbà púpọ̀. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni "ó dáa". Kò lè wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ń rò ó pé, bó bá gbà báyìí, kì í ṣe bàbá mi ló máa kọ̀ ọ́. Èmi ni.

"Gordon," Lowell sọ, "mi ò ní buwọ́ lù ú."

Haupt pariwo. Lowell jẹ́ kó pariwo tán. "Mo gbọ́ yín," ó ní. "Mi ò ní buwọ́ lù ú." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Karna gbé ojú sókè kúrò nílẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

Lowell yíjú sí Viggo. "Ẹ dákun, sà, ẹ bá wa dá ẹ̀rọ dúró."

"Ta ló ní kí n dá a dúró?"

"Èmi ni."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ó ní kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó jọ pé ó ti lọ, sà."

Viggo jáde, ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ̀rọ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

"Ọjọ́ mélòó ni ẹ máa fi tún un ṣe?" Viggo béèrè.

"Ibi ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún ni, Dádì," Karna dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́wàá, tí mi ò bá sùn."

"Kí lẹ fẹ́ fọwọ́ kan àwọn yẹn fún?"

"Torí pé wọn ò tọ́."

"Wọ́n tọ́. Ojú ìwé ni kò tọ́." Viggo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó fi èékánná dúdú rẹ̀ tọ́ka sí nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀. "Àlejò mẹ́rin wọlé láìkànkùn, ẹ wá ń fún wọn ní nọ́ńbà. Ẹ má fún wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà látibi tí ìwé yín ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ ìwé nìkan la máa gé kúrò lára fíìmù tá a fi ń tẹ̀wé, ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mélòó ni?"

Karna ṣírò rẹ̀. "Igba ó dín méjìlá."

"Òní àti ọ̀la."

Karna fẹ́ dì mọ́ ọn, àmọ́ Viggo ti mú fóònù. "Gordon, Viggo ni. Ìtàn yín máa wà níwájú, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́. Ìwé yín máa dé Milwaukee láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní gbígbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ tútù lọ́jọ́bọ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín." Ó fetí sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló dá a dúró. Ó sì tọ̀nà." Ó tún fetí sílẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá sọ fún Lowell láìwo ojú rẹ̀ pé, "Ó ní kí o wá ní Mọ́ńdè."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó ti tábìlì onígíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gé nọ́ńbà tí kò tó èékánná ọmọdé. Karna ń pe nọ́ńbà, Viggo ń gé e, Lowell ń lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, Viggo gba ọ̀bẹ kejì, ó fi lé Lowell lọ́wọ́.

"Má yára."

"Mi ò yára, sà."

"O ń yára. Gé ìwọ̀nba tó yẹ. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Karna ṣàkíyèsí pé bàbá rẹ̀ ti ń bá Lowell sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé iṣẹ́ fà á. Ó ń bi í bí àwọn ará abẹ́ adágún ṣe ń mí. Lowell ń ṣàlàyé, Viggo sì ní kò bọ́gbọ́n mu, wọ́n wá ń jiyàn lé e lórí. Àǹtí Dagny gbé oúnjẹ wá fún wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n forí korí, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì yọ́ jáde láìsọ nǹkan kan. Bí kò ṣe sọ̀rọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ Dagny á mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu ni.

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Haupt rán Lowell lọ sílé ìtẹ̀wé pé kó lọ dúró ti iṣẹ́ náà, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rò ó. Ìdì bébà àkọ́kọ́ jáde. Karna wo ibi èémí. Ojú ìwé 57. Ó wá a lọ, èémí wà níbẹ̀. Ó yẹ ogún ibòmíràn wò, ó wá dáwọ́ dúró torí pé omi ti bo ojú rẹ̀, kò rí ìlà mọ́.

"Ó tọ́, Dádì."

Viggo na ìwé náà àti bírò sí Lowell. Lowell kà á láti òkè délẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó dá a padà. Viggo wo ibi tí ó buwọ́ lù náà. Ó ká ìwé, ó kì í bọ àpò àyà rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí o bi mí lọ́dún tó kọjá," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tún un bi."

Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ, Lowell ní láti kígbe kí wọ́n tó gbọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Viggo sọ. "Oṣù wo?"

"Oṣù tí ẹ bá..." Lowell dákẹ́. Ó wo Karna, ó tún wo Viggo. "Rárá, sà. Karna ló máa sọ ọ́."

Viggo mi orí pé ó dára. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, Karna rí i tí bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà.

"Oṣù Kẹwàá," Karna sọ. Gbogbo ọdún méjì náà ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìtura náà pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó jókòó lórí òkìtì bébà funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá ọ̀kan dúró fún èkejì.

"Prochaska," Viggo pè é.

"Sà?"

"Gbé ìyàwó rẹ kúrò lórí bébà mi kó tó fi omi ojú bà á jẹ́."

Lowell gbé e. Ó gbé e nílẹ̀ tán, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́, Viggo sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹ̀ síwájú lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.